Pẹ́dà Òsì àti Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe yẹ ẹni tó kàwé, ẹ jókòó. Mo kàwé, mo sì ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí n tó dá yín lóhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba orúkọ mi padà. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló ń ba pẹ́dà olówó gọbọi jẹ́. Wọ́n ní èmi ni mo sọ nọ́ọ̀sì kan di atiro lọ́nà Òkèlúsè ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì, ẹnu Jọ́ọ̀jì, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Jọ́ọ̀jì ṣì wà láàyè, ó ń jẹun dáadáa, bí kò bá sì lè ka ìwé yìí fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ tí yóò kà á sí i létí. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹni tí kò lè fèsì ni mo ń bá wí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Bàbá mi ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìyá mi, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́ bíi ti gbogbo ìyá Ọ̀wọ̀, a máa fi ọ̀já di ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́yìn kí n lè fi ọ̀tún jẹun. Tíṣà fi rúlà nà án nílé ẹ̀kọ́ títí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Ọ̀tún náà ló ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, lẹ́tà rẹ̀ sì dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá gba agbára tàbí ọgbọ́n ìka, òsì ni mo fi ń ṣe é.

Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo yege, mo rí iṣẹ́ akọ̀wé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan ní òun kì í gba fáìlì lọ́wọ́ òsì. Mo ní, "Ṣé ọwọ́ mi lẹ fẹ́ kà ni, sà, àbí fáìlì?" Oṣù yẹn kò parí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Owó oṣù wọn kò tó ohun tí à ń rántí.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀ lọ. Ará Ìkàrẹ́ ni, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi odán kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyẹrẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá mi ń gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ lọ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, èmi a sì dúró máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi fà mí lọ.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Obìnrin tó kàwé. Kí lo wá ṣe nídìí gírísì?"

"Iṣẹ́ ni mo wá kọ́, sà."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Kò tíì dé, sà. Bó bá dé, yóò bá mi níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò tún rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́ fún odindi ọdún kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé, kì í sì í ṣe pé ó fi yìn mí.

Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan sípánà. Bọ́ọ̀lù ni mo ń fọ̀, àwọn irin róbótó kéékèèké tó máa ń wà nínú pẹ́dà tí wọ́n ń jẹ́ kó máa yí láìhan. Ọ̀gá á tú pẹ́dà, á da bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì tó ní kẹrosíìnì, èmi á fọ̀ wọ́n, màá nù wọ́n gbẹ, màá tò wọ́n sórí aṣọ, màá wá fi ìka yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ara èyíkéyìí ti ń hó. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sílẹ̀, a ò ní jẹun títí a ó fi rí i. Mo ti fi ìka wá bọ́ọ̀lù tó kéré ju ẹyọ ẹ̀wà lọ nínú iyẹ̀pẹ̀ láti òwúrọ̀ títí òòrùn fi kan orí. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n fi òmíràn rọ́pò, ó gbá mi lẹ́yìn orí.

"Bọ́ọ̀lù kan tó sọnù," ó ní, "ẹsẹ̀ ẹnìkan ni."

Ìyẹn ni ìwé kìn-ín-ní mi. Ìwé kejì ni pẹ́dà òsì. Nọ́ọ̀tì gbogbo ayé, bí ẹ bá yí i sí ọ̀tún, á dì, bí ẹ bá yí i sí òsì, á tú. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ́dà ọ̀tún kẹ̀kẹ́ náà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ yí ti ẹ̀gbẹ́ òsì padà: òsì ni a fi ń dì í. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún ni yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já sílẹ̀. Ọ̀gá Jímọ̀ á ní, "Síwájú ni a fi ń dì, sẹ́yìn ni a fi ń tú, ọ̀tún ì báà ṣe, òsì ì báà ṣe." Lẹ́yìn náà á fi èyí tó fẹ́ràn jù kún un: "Ẹni tí kò bá mọ òsì, òṣì ni yóò mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé pẹ́dà òsì lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi ti ń yí i kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí nǹkan kan máa dúró de ọwọ́ òsì mi. Wọ́n ti nà án, wọ́n ti dì í, wọ́n ti lé e kúrò nídìí àwo oúnjẹ. Irin yìí ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Jọ́ọ̀jì ti wà níbẹ̀ fún ọdún kan kí n tó dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá lóbìnrin ni. Kò ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó ní òòlù. Ohun tí kò bá wọlé, á gbá a wọlé. Nítorí pé èmi kì í gbá nǹkan, ó ní ọwọ́ obìnrin ni mo ní. Nígbà tó rí i pé ọwọ́ náà yára ju tirẹ̀ lọ, ó wá ń pè é ní ọwọ́ burúkú.

Nígbà náà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ láàrin Òkèlúsè àti Arímọ̀gíjà. Ọ̀dọ́ ni, ó ga, ó sì le. Ó fi lọ́rì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá fún wa lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan pé pẹ́dà òsì rẹ̀ ti fọ́. Ọ̀gá wà ní mọ́ṣáláṣí, èmi lọ ra kẹrosíìnì. Nígbà tí mo dé, nọ́ọ̀sì ti gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Jọ́ọ̀jì ní òun ti parí ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ìròyìn dé. Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn Òkèlúsè ni pẹ́dà òsì ti já. Nọ́ọ̀sì wọ inú kòtò, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Aláboyún tó ń sáré lọ bá bímọ láyọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà. Nọ́ọ̀sì ni kò dìde fún oṣù mẹ́ta, nígbà tó sì dìde, ó ń tiro.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà padà wá pẹ̀lú pẹ́dà tí wọ́n ṣà nínú koríko. Ọ̀gá gbé e sókè.

"Ta ló de èyí?"

"Akọ̀wé ni," Jọ́ọ̀jì dáhùn kíákíá. "Ẹ ṣáà mọ ọwọ́ rẹ̀."

Mo gba pẹ́dà náà, mo yí ìdí rẹ̀ síta. Gbogbo pẹ́dà ni wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà kan sí nídìí irin, L fún òsì, R fún ọ̀tún. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, R ni wọ́n tẹ̀ síbí. Pẹ́dà ọ̀tún ni. Wọ́n fi òòlù gbá ọ̀tún wọ ojú òsì ni. Èmi tí mo mọ R kà, ṣé èmi ni n ó gbé e síbẹ̀?"

"Ẹ ò rí i?" Jọ́ọ̀jì pariwo. "Ìwé ló fẹ́ fi bò wá mọ́lẹ̀!"

Ọ̀gá fa àkísà kan ya, ó fi di ojú mi, ó sì kó pẹ́dà tuntun méjì sílẹ̀ níwájú mi pé kí n de òsì mọ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn. Mo fi ìka wá a, mo mú un, mo dè é. Mo rò pé mi ò tíì mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó fi dì. Ó tú pẹ́dà náà kúrò, ó tú àkísà, ó fi di ojú Jọ́ọ̀jì. Jọ́ọ̀jì mú ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, ó ń yí i sí ọ̀tún, ó ń làágùn. Nígbà tí kò wọlé, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá òòlù.

Ọ̀gá tú aṣọ lójú rẹ̀. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Nígbà tí àwọn ẹbí nọ́ọ̀sì wá béèrè, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ ni, kí wọ́n foríjì òun. Jọ́ọ̀jì ló sìn wọ́n dé títì. Kí wọ́n tó dé títì náà, "àwọn ọmọṣẹ́" ti di "obìnrin ọlọ́wọ́ òsì yẹn." Ọ̀gá gbọ́ bẹ́ẹ̀. Kò tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, ó mú sípánà pẹ́dà tirẹ̀ wá fún mi, èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn.

"Akọ̀wé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

"O ò bínú?"

"Mo ń bínú, sà."

Ó mi orí. Ọwọ́ òsì ni mo fi gba sípánà náà, ó rí i, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yẹn nítorí iṣẹ́ tó kọ́ mi. N kò tíì dárí jì í. Méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan pọ̀, ẹ má jẹ́ kí oníwàásù kankan tàn yín. Pẹ́dà R náà sì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi epo pa á, mo fi aṣọ wé e, mo tọ́jú rẹ̀.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ọkọ náà dé, ó bá mi níbẹ̀ bí mo ṣe wí, ó gbé ayé rere, ó kú. Àwọn àgbẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ wá láti Ìyẹrẹ àti apá Ọ̀sẹ́, kòkó ṣì wà lórí kẹ́ríà ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà dé. Láàrin ọdún díẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣe kẹ̀kẹ́ ti pa agolo kẹrosíìnì wọn tì. Jọ́ọ̀jì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ó là, wọ́n fi í ṣe alága àwọn òǹtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Èmi kò lọ. Mo ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn ṣe, mo ń tún bárò ṣe. Irinṣẹ́ yí padà. Sípánà Ọ̀gá kò wọ ibi púpọ̀ mọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́fà ni wọ́n ń lò báyìí. Mo ra tèmi, mo kọ́ ọ, ọjọ́ orí mi ti lé ní ọgọ́ta nígbà náà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo ka ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ agunkè dé ìlú, èyí tí táyà rẹ̀ nípọn bí itan ọmọ ọwọ́. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn dókítà ni wọ́n ń gùn ún kí ara wọn lè le. Ọ̀kan nínú wọn ni Káyọ̀dé, ọmọ Ìbàdàn, olùkọ́, tó máa ń gun tirẹ̀ lọ sí Ìyẹrẹ láàárọ̀ gbogbo Sátidé. Ó ra pẹ́dà tuntun lọ́dọ̀ Jọ́ọ̀jì, tó ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ yìí náà, ó ní kí n bá òun dè é. Pẹ́dà náà pupa fòò, eyín irin wà lójú rẹ̀ kí bàtà má baà yọ̀. Iye tó rà á, kẹ̀kẹ́ odindi ni à bá fi rà láyé Ọ̀gá Jímọ̀.

Oṣù méjì kò pé tó fi dé. "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ." Ó yí i. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

Mo gbé e sórí itan láti tú u. Kò sí nọ́ọ̀tì. Kò sí ìdérí. Gbogbo ara rẹ̀ dí pa bí ẹyin. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ṣe èyí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀. Gbé e padà fún ẹni tó tà á."

Ó lọ, ó padà dé, ojú ń tì í. "Màmá, ẹ má bínú. Ó bi mí pé ta ló dè é. Mo ní ẹ̀yin ni. Ó wá ní, 'Ọlọ́wọ́ òsì? O ò gbọ́ ohun tó ṣe fún nọ́ọ̀sì ni?'"

Ogójì ọdún ó lé. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú.

Káyọ̀dé ra èkejì, èmi ni mo dè é, pẹ́dà yìí náà kú kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní báyìí ìròyìn ti kárí. Dókítà kan tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi gba ọ̀dọ̀ Jọ́ọ̀jì lọ. Òmíràn gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi láìjẹ́ pé mo ti fọwọ́ kàn án. Mo ti ń múra láti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, orúnkún ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́: kí n fẹ̀yìn tì yàtọ̀ sí kí wọ́n lé mi. N ò ní fi irọ́ Jọ́ọ̀jì ti ilẹ̀kùn mi.

Mo ní kí Káyọ̀dé ra ẹ̀kẹta. "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Kí wọ́n dè é ní ṣọ́ọ̀bù Jọ́ọ̀jì, lójú Jọ́ọ̀jì. Èmi ò ní fi ìka kàn án."

"Màmá, ẹ ń bínú."

"Mo ti ń bínú kí wọ́n tó bí ọ. Gbé e lọ."

Nígbà tí ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, mo mú ayùn irin, mo mú pẹ́dà tí mo tú lára kẹ̀kẹ́ bàbá mi, mo mú pẹ́dà R, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Jọ́ọ̀jì lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn òǹtajà ń ṣe ìpàdé wọn níbẹ̀. Káyọ̀dé ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé mi.

"Háà, Màmá Kẹ̀kẹ́!" Jọ́ọ̀jì na ọwọ́. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi bọ̀ wá lọ́wọ́ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Jọ́ọ̀jì, ta ló de pẹ́dà yìí?"

"Ọmọṣẹ́ mi ni, lójú mi báyìí."

"Ṣé mo fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o." Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rí ibi tí mò ń lọ.

Káyọ̀dé yí pẹ́dà náà. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́.

"Kí ló wá bà á jẹ́? Ṣé ọwọ́ mi fò wọ inú rẹ̀ láti ilé ni?"

"Ọ̀nà Ìyẹrẹ ni. Ọ̀nà yẹn ò dáa."

Obìnrin kan tó ń ta túùbù rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. "Ọ̀nà kẹ̀? Ṣebí pẹ́dà kẹ̀kẹ́ agunkè lẹ pè é nígbà tẹ́ ẹ̀ ń tajà, Alága!"

Mo tú pẹ́dà náà kúrò, mo fi ayùn là á sí méjì lórí tábìlì rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tó là, mo ní kí wọ́n sún mọ́ ọn. Kò sí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Òrùka rọ́bà kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti jẹ tán bí orín tí wọ́n ti rún, kò sì sí gírísì tó lè kún èékánná. Mo wá mú pẹ́dà bàbá mi, tó dàgbà ju gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ, mo fi ìka kan yí i. Kò dún. Ẹnìkan wúkọ́, ó nu ẹnu, pẹ́dà náà ṣì ń yí.

"Bí wọ́n ṣe kó o wá nìyẹn," Jọ́ọ̀jì ní. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ìwọ lo tà á, tí o wá fi ọwọ́ mi bo ìhòòhò rẹ̀. Bí o ṣe fi bo èyí náà." Mo tú aṣọ ara pẹ́dà R, mo gbé e kalẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ó mọ̀ ọ́n. Mo sọ ìtàn nọ́ọ̀sì fún wọn, láti òòlù dé àkísà. Lẹ́yìn náà mo ní kí Káyọ̀dé mú pẹ́dà òsì tuntun kan lórí àtẹ, kó fi lé Jọ́ọ̀jì lọ́wọ́. "N ò ní dì ọ́ lójú lónìí. La ojú rẹ. De òsì yẹn."

"Mo ti dàgbà ju eré yìí lọ."

"Alága, ẹ dè é o jàre," ẹnìkan wí, "ká lè parí ìpàdé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ẹnu pẹ́dà náà sójú ihò, ó sì ń yí i sí ọ̀tún. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Kò wọlé.

Obìnrin onítúùbù ló sọ̀rọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀yìn lẹ̀ ń yí i sí o, Alága."

Mo kó ẹrù mi, mo fi pẹ́dà R sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ó ti di arúgbó, Ọ̀wọ̀ ló fẹ̀yìn tì sí, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ara lé ọ̀pá.

"Mo gbọ́," ó ní. "Gbogbo ọdún yìí o ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, o kò sọ fún mi."

"Ẹ kò bi mí, mà. Ẹ ti gbà á gbọ́ kí n tó dé."

Ó ń fi ọ̀pá fa ilẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. N kò ràn án lọ́wọ́.

"Àga oníkẹ̀kẹ́ tí ọkọ mi ń jókòó sí ń dún," ó ní níkẹyìn. "Ṣé o lè bá mi wò ó?"

"Mo ti ń palẹ̀ mọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá."

Mo tú àga náà, mo fọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, mo kà wọ́n, mo fi gírísì sí i, mo dè é. Ó jókòó tì mí ní gbogbo àkókò náà, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. Iṣẹ́ yòówù tí ẹ lè tú inú rẹ̀ lójú gbogbo ayé kí ojú má tì yín, iṣẹ́ rere ni. Èyí tó dí pa bí ẹyin, ẹ bẹ̀rù rẹ̀, ì báà pupa, ì báà wọ́n. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ti ọkọ rẹ̀ lọ lórí àga tí kò dún mọ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi ọwọ́ òsì yí kọ́kọ́rọ́.